Ta Ni Yóò Sanwó? Ipò Onígbọ̀wọ́ Nínú Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Físà Akẹ́kọ̀ọ́

 

Ní Àkúrẹ́ níbí àti ní ìlú Oǹdó, ó ti pẹ́ tí àwọn òbí ti máa ń mú ìwé ọmọ wọn wá bá ààfáà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kí wọ́n bá wọn ṣe àdúà sí i. Tẹ́lẹ̀, ìwé ìdánwò WAEC àti JAMB ló máa ń pọ̀. Ní báyìí, páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì òkè òkun ni wọ́n ń mú wá. A ó ṣe àdúà náà, wọn ó sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ pé, "Ta ni yóò san owó ilé-ìwé yìí?", ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni, "Ọ́ńkù mi kan ni, ààfáà." Bí a bá tún bi í pé iṣẹ́ wo ni ọ́ńkù náà ń ṣe, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò wò.

Níwájú ààfáà, kò sí wàhálà nínú kí ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀. Níwájú òṣìṣẹ́ físà, ìyá kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí onígbọ̀wọ́ jẹ́, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní sípọ́ńsọ̀, àti ohun tí àwọn tó ń fúnni ní físà ń wá nígbà tí wọ́n bá béèrè nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé iye owó tó wà ní báńkì nìkan ni wọ́n ń wò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a jókòó ní ilé-kéú mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ní orúkọ mìíràn. Nínú àwọn ìwé Fíkìhì, orí kan wà tí wọ́n ń pè ní kafaala, tí àwọn mìíràn ń pè ní damaan: kí ẹnì kan gbé gbèsè tàbí ojúṣe ẹlòmíràn ka ọrùn ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí ìtàn tó wà nínú Súúrà Yúsúfù, níbi tí olùkéde ọba ti ṣèlérí ẹrù ràkúnmí kan fún ẹni tó bá mú ife ọba padà wá, tó sì fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún ìlérí náà. Wọ́n tún máa ń mú ìtàn Abu Qatada wá, Sàábè tó dúró fún gbèsè dínárì méjì tó wà lọ́rùn òkú kan kí Ànábì tó kírun sí òkú náà lára. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníwáàsí kì í sọ tán nínú ìtàn yẹn ni pé Ànábì tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé dínárì méjì ọjọ́sí ńkọ́, títí ó fi sọ pé òun ti san án. Ìlérí níwájú èrò kò tó. Ànábì fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ físà ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ẹni yìí ní owó náà lóòótọ́? Níbo ló ti rí i? Kí ló mú un fẹ́ ná an lé ọ lórí? Ṣé yóò sì tún rí i san ní ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí o bá ti dé ọ̀hún tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́? Owó báńkì lè dáhùn ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Ẹnu ọmọ ló máa dáhùn ìyókù.

Ti Bìrìtìkó

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Bìrìtìkó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ, òfin wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ló sì le jù láti yí. Ọ̀rọ̀ kan máa ń da àwọn èèyàn rú níbẹ̀. Bí ìjọba Bìrìtìkó bá sọ pé sípọ́ńsọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, yunifásítì ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ilé-ìwé tí ìjọba fún ní àṣẹ láti gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, tó sì fún ọmọ náà ní ìwé CAS. Ẹni tó ń sanwó jẹ́ ọ̀tọ̀. Nítorí náà ọmọ lè máa pariwo pé "bàbá mi ni sípọ́ńsọ̀ mi" nígbà tí ẹni tó ń bi í ń dúró de orúkọ ilé-ìwé.

Lórí ẹni tó ń sanwó, òfin wọn kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀. Owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀, tàbí ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Tọkọtaya ní àlàyé tiwọn, a kò ní wọ ibẹ̀ lónìí. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ó kù àwọn tí wọ́n kà sí onígbọ̀wọ́ tí ó ní àṣẹ: ìjọba orílẹ̀-èdè, British Council, àjọ àgbáyé, ilé-iṣẹ́ ńlá tó káríayé, tàbí yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn, àbúrò bàbá, ọkọ àǹtí, ọ̀gá ibi iṣẹ́, alága ẹgbẹ́ àdúà, kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Lójú tiwa, ibi tó le jù fún Yorùbá nìyí, nítorí pé nínú àṣà wa, àbúrò bàbá ẹni kì í ṣe ẹlòmíràn. Bàbá ni. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n kọ ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ìyẹn, bí ọmọ bá sì mú sítétímẹ́ńtì àbúrò bàbá rẹ̀ lọ, wọn kò ní bi í léèrè púpọ̀ kí wọ́n tó kọ̀ ọ́.

Bí ọ́ńkù bá fẹ́ ṣe oore nítòótọ́ ńkọ́? Kí ó fi owó náà tọrẹ. Kí ó kúrò nínú àkáǹtì tirẹ̀, kí ó wọ àkáǹtì ọmọ tàbí ti bàbá ọmọ, kí ó sì kọ ìwé pé òun fi tọrẹ. Àwọn onímọ̀ Fíkìhì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀bùn tí a fẹnu sọ àti èyí tí ẹni tí a fún ti gbà sí ìkáwọ́ rẹ̀, tó lè ná bó ṣe wù ú. Èyí tí a máa gbà padà lẹ́yìn oṣù kan kì í ṣe ẹ̀bùn. A ó tún padà sórí èyí.

Iye rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2025, Bìrìtìkó ń béèrè pọ́ún 1,529 fún oṣù kan lọ́wọ́ ẹni tó máa kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, àti pọ́ún 1,171 lọ́wọ́ ẹni tó máa kàwé níta Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń kà mọ, ìyẹn pọ́ún 13,761 tàbí 10,539, fún oúnjẹ àti ilé nìkan. Ẹ ó fi ohun tó kù nínú owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́ kún un. Bí owó ilé-ìwé ọmọ kan níta Lọ́ńdọ̀nù bá jẹ́ pọ́ún 15,000, tó sì ti san 8,000, ohun tó gbọ́dọ̀ fi hàn ni 7,000 tó kù àti 10,539, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17,539. Owó yìí gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 léraléra. Bó bá já wálẹ̀ ní ọjọ́ kan péré, wọ́n lè torí ẹ̀ kọ ìwé náà. Ọjọ́ tí sítétímẹ́ńtì náà parí kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀. Ilé, ilẹ̀, mọ́tò àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì kò wọ inú ìṣirò yìí. A sọ èyí nítorí àwọn bàbá wa tí wọ́n máa ń di ìwé ilẹ̀ mọ́ ìwé ọmọ.

Bí àkáǹtì bá jẹ́ ti òbí, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ wà láti fi hàn pé ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́, àti lẹ́tà láti ọwọ́ òbí náà pé òun fọwọ́ sí i kí wọ́n lo owó òun. Ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń fa ìdádúró níbí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí wa, orúkọ bàbá gan-an ni ọmọ kan fi ń jẹ́ orúkọ ìdílé, èkejì ń jẹ́ oríkì bàbá àgbà, ẹ̀kẹta ń jẹ́ orúkọ tí tíṣà kọ fún un ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà, orúkọ ìdílé mẹ́ta. Bàbá tún ní orúkọ kan ní báńkì, òmíràn nínú páásípọ́ọ̀tù. Ẹ tètè lọ tún èyí ṣe, pẹ̀lú ìwé ìbúra àti ìwé láti ọ́fíìsì ètò ìkànìyàn, kí ẹ tó san owó físà.

Ní ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Bìrìtìkó, orí fídíò ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń pè. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ gidi ni ọmọ yìí. Wọn ó bi í léèrè nípa ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́, ilé-ìwé, ibi tó máa gbé, iye owó, àti ẹni tó ń san án. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, yunifásítì pàápàá ti lè pe ọmọ, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà, kí wọ́n tó fún un ní CAS. Àwọn òbí máa ń bínú sí èyí, pé ilé-ìwé ti ń ṣe bí ìjọba. Ìdí wà. Ní ọdún 2025, bí wọ́n bá kọ físà fún ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí yunifásítì kan fún ní CAS, àṣẹ tí yunifásítì náà ní láti gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè wà nínú ewu. Nínú ìwé ètò tí ìjọba wọn gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ní àwọn máa dín ìdá mẹ́wàá náà kù sí márùn-ún. Nítorí náà ilé-ìwé ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Teesside

Ẹni tó bá rò pé ìbéèrè nípa onígbọ̀wọ́ jẹ́ ìyọlẹ́nu lásán, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Yunifásítì Teesside, ní ìlú Middlesbrough, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, BBC ròyìn pé wọ́n ti yọ àwọn kan nínú wọn kúrò nínú ẹ̀kọ́ nítorí pé wọn kò lè san owó ilé-ìwé wọn dé ibi tó yẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò ní Bìrìtìkó. Àwọn ọmọ náà ṣe ìwọ́de. Yunifásítì ní òfin físà kò fún àwọn láyè láti ṣe òmíràn, pé dandan ni kí àwọn fi tó ìjọba létí.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn purọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gba físà. Owó tí òbí wọn kó jọ ló yọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa sọ iye tó tọ́ sí i. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 470 ní ọjà ìjọba kọjá 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Bàbá tó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní báńkì, tí iye rẹ̀ lé ní 21,000 dọ́là, wá bá a pé kò pé 7,000 mọ́, láìjẹ́ pé ó ná kọ́bọ̀. Ọmọ ti wà ní ọ̀hún. Owó ìdá kejì ń bọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ físà bá béèrè pé "ọdún kejì ńkọ́?", kí ọmọ má ṣe rò pé wọ́n ń wá ọ̀nà láti fi kọ òun. Kí òun àti bàbá rẹ̀ ti jókòó ṣe ìṣirò náà nílé, kí wọ́n sì ti sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí náírà bá tún já. Onígbọ̀wọ́ tí owó rẹ̀ ń wọlé ní náírà nìkan ní láti ní ju ohun tí ìwé ń béèrè lọ.

Ti Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ọmọ Àkúrẹ́ máa wọ ọkọ̀ òru lọ sí Èkó, kí ó lè tò sí iwájú ọ́fíìsì wọn ní Victoria Island ní òwúrọ̀. Ìdúró rẹ̀ níwájú fèrèsé lè máà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, òṣìṣẹ́ náà sì lè máà gba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ní díẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀: fọ́ọ̀mù DS-160, tó béèrè ẹni tó ń sanwó àti ohun tó jẹ́ sí ọmọ, àti ìwé I-20 láti ilé-ìwé, níbi tí wọ́n kọ iye tí ọdún kan máa ná ọmọ sí, pẹ̀lú iye tí òun fúnra rẹ̀, ilé-ìwé tàbí ẹlòmíràn máa san. Ìtàn onígbọ̀wọ́ ti wà nínú ìwé méjèèjì yìí kí ọmọ tó la ẹnu. Bí ejẹ́ńtì bá ti kọ "bàbá" sí ọ̀kan, tí ọmọ wá sọ "ọ́ńkù" ní fèrèsé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ejẹ́ńtì kọ fọ́ọ̀mù tí ẹ kò kà.

Àwọn gbà kí ọ́ńkù tàbí ẹlòmíràn sanwó, wọn kò dà bíi Bìrìtìkó. Ṣùgbọ́n bí onígbọ̀wọ́ bá ṣe jìnnà sí ọmọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ṣe ń pọ̀ tó. Ìpín 214(b) nínú òfin ìwọ̀lú wọn ti ọdún 1952 ní kí òṣìṣẹ́ ka olúkúlùkù sí ẹni tó fẹ́ lọ jókòó sí Amẹ́ríkà títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá ní ìdí tó yéni, òṣìṣẹ́ lè rò pé iṣẹ́ ni ọmọ ń lọ ṣe, pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa san owó ilé-ìwé náà láti ibi iṣẹ́ tí òfin kò fún un láyè láti ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè náà nìyẹn. Àwọn kan máa ń sanwó kí wọ́n bá wọn kọ fọ́ọ̀mù I-134. Kì í ṣe dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ F-1.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà lọ fi owó ṣòfò: ìkéde tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2025 ti dá físà akẹ́kọ̀ọ́ F, M àti J dúró fún ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, àyàfi àwọn tí ìkéde náà yọ sílẹ̀. Wọn kì í dá owó físà 185 dọ́là padà. Ejẹ́ńtì tó bá sọ pé òun ní ọ̀nà àbùjá, ẹ sá fún un.

Kánádà ní tirẹ̀ kì í sábà pe ọmọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìwé ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ohun tí wọ́n ń béèrè fún ìgbọ́bùkátà ẹnì kan ni 22,895 dọ́là Kánádà, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé. Ní 2023, 10,000 ni.

Bàbá rẹ bí ọmọ mélòó?

Ìbéèrè kan wà tó máa ń ba àwọn ọmọ ilé Mùsùlùmí lẹ́rù. Wọ́n á bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni bàbá wọn bí. Àwọn ejẹ́ńtì ti kọ́ wọn pé bí wọ́n bá dáhùn pé méjìlá láti ọ̀dọ̀ ìyá mẹ́ta, wọn ò ní rí físà, nítorí náà kí wọ́n sọ pé mẹ́ta. A ti gbọ́ èyí tó pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òṣìṣẹ́ náà fẹ́ mọ iye ẹnu tó ń jẹ nínú owó bàbá yẹn ni. Bí àwọn mẹ́jọ nínú méjìlá bá ti kàwé tán, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí òmíràn ń kọ́ni, ìyẹn pàápàá jẹ́ ẹ̀rí pé bàbá náà máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ìdílé tí Ọlọ́hun fún wa ló wá di ohun tí a ń fi pamọ́ nítorí físà?

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ "dádì". Ọmọ tí àbúrò bàbá rẹ̀ tọ́ dàgbà máa ń pe onítọ̀hún ní dádì láti kékeré, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ bó bá dé fèrèsé, kí ó sọ ọ́ bó ṣe rí: àbúrò bàbá mi ni, òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ló san owó ilé-ìwé mi ní FUTA. Gbólóhùn kan yìí ti dáhùn ìdí tí onígbọ̀wọ́ náà fi fẹ́ náwó. Rìsíìtì owó ilé-ìwé tó ti san sẹ́yìn lágbára ju lẹ́tà tó kọ lánàá lọ.

Owó kòkó àti owó ọjà

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni tiwa, nítorí náà a kò lè fi ọ̀rọ̀ kòkó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú bàbá kan ní ìlú Oǹdó tó ní oko, tó tún ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni owó rẹ̀ máa ń wọlé gùdùgùdù, títí tí ìkórè ńlá yóò fi tán. Ìyókù ọdún, díẹ̀díẹ̀ ni. Owó lásán ló sì máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kòkó lọ, a fi tó bá rọrùn fún un kó tó gbé e lọ sí báńkì. Nínú sítétímẹ́ńtì rẹ̀, oṣù mẹ́fà lè lọ láìsí nǹkan, kí mílíọ̀nù mélòó kan wá wọlé lọ́jọ́ kan. Lójú òṣìṣẹ́ tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí ṣokoléètì, owó tí wọ́n yá wá fi ṣe àfihàn ni yẹn.

Bàbá yìí kò jẹ̀bi nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ràn ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó máa fi owó ọjà sí báńkì bó ṣe ń wọlé, ó kéré tán fún ọdún kan kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ètò. Kí ó tọ́jú ìwé ìwọ̀n kòkó, rìsíìtì àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ àwọn oníkòkó, ìwé CAC bó bá ní in, àti ìwé owó orí. Kí ọmọ sì mọ òwò bàbá rẹ̀. Ọmọ oníkòkó tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń ká kòkó, báwo ni ẹnikẹ́ni yóò ṣe gbà pé kòkó ló ń rán an lọ sí òkè òkun? Bí wọ́n bá bi í pé kí ló mú owó wọlé tó bẹ́ẹ̀ ní 2024, kí ó lè sọ pé iye tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là ní oṣù kẹta ọdún yẹn, àti pé ó ti já wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ náà ní irú ìwé tirẹ̀. Olówó oṣù ni tirẹ̀ rọrùn jù: lẹ́tà ibi iṣẹ́ àti owó tó ń wọlé lóṣooṣù ti sọ gbogbo rẹ̀.

Owó tí wọ́n ń yá fi ṣe àfihàn

A ti débi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ó ti di òwò ní Nàìjíríà kí àwọn kan máa yá ènìyàn lówó láti fi sínú àkáǹtì fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí sítétímẹ́ńtì lè kún. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó yá a kò ní fọwọ́ kan owó náà, olówó ló ń ṣọ́ ọ. Bí oṣù bá pé, wọ́n á gba owó wọn padà pẹ̀lú èlé.

Nínú ẹ̀sìn wa, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, a kò sì rí ọ̀nà tí a lè gbà fi àlàyé wẹ ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Èkíní ni ríbá, nítorí owó yá tí a ń san èlé lórí rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ fún ọjọ́ kan. Èkejì ni ẹ̀rí èké. Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé, "Ààfáà, owó náà kúkú wà níbẹ̀ lóòótọ́, a ò purọ́." Ṣé ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá owó wà níbẹ̀, tàbí bóyá o ní owó tí o máa fi kàwé? Hadiisi tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí èké kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ti jókòó sí wáàsí: Ànábì fẹ̀yìn tì nígbà tó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó. Ìwé ìbúra onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ẹjọ́ gíga wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé orúkọ Ọlọ́hun ló wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sáré ṣe é ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ bí ẹni ń ra búrẹ́dì.

Ìjìyà tayé náà wà. Ní Bìrìtìkó, ẹni tí wọ́n bá rí pé ó fi ẹ̀tàn tàbí ìwé èké wá físà lè pàdánù ọdún mẹ́wàá tí wọn kò ní fún un ní físà. Ní Amẹ́ríkà, ìpín òfin tó wà fún irọ́ pípa kò ní iye ọdún, títí ayé ni, àyàfi tí wọ́n bá dìídì fojú fò ó. Òṣìṣẹ́ físà lè kọ̀wé sí báńkì láti béèrè. Orúkọ ọmọ, tí kò tíì pé ọdún 25, ló máa wà nínú ìwé yẹn, kì í ṣe orúkọ ejẹ́ńtì.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń bẹ̀ kí ẹ ṣe onígbọ̀wọ́

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin náà. Àwọn ọmọ ilé-kéú tó rí àyè lọ sí Yunifásítì Ìsìláàmù ti Mẹ̀dínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, kì í sábà bá ìbéèrè yìí pàdé, nítorí pé yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń fún wọn ní ilé àti owó oṣù. Èyí ti jẹ́ kí àwa kan rò pé onígbọ̀wọ́ jẹ́ ohun tó ń ṣe ara rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìjọba àpapọ̀ rán lọ sí Rọ́ṣíà, Mòrókò àti Àlìjíríà lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láàárín ìjọba sí ìjọba, tí owó oṣù wọn kò wọlé fún ọ̀pọ̀ oṣù títí tí wọ́n fi ń ké sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé ìjọba ti fòpin sí ètò náà. Ìjọba ni onígbọ̀wọ́ wọn, kò sì sí òṣìṣẹ́ físà tó máa rò pé irú onígbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní san.

Bí wọ́n bá mú lẹ́tà wá fún yín kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye owó ọdún kan, kí ẹ sì fi ọdún tó kù sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ sọ fún aya yín. Bí ó bá jẹ́ ọdún kan péré lẹ lè san, ẹ kọ ọdún kan sínú lẹ́tà náà, kí ọmọ lè wá ẹni tó máa san ìyókù. Bí ẹ kò bá lè san nǹkan kan, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ àbúrò yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ààfáà yín. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ fẹ́ dúró fún, kí òbí rẹ̀ mọ̀ sí i, kí wọ́n sì mọ ohun tí ọkùnrin náà ń retí.

Lẹ́tà náà kò nílò gígùn. Orúkọ yín bó ṣe wà nínú NIN àti ní báńkì, ohun tí ọmọ jẹ́ sí yín, iṣẹ́ yín, iye tí ẹ fẹ́ san àti iye ọdún, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀dà kan, kí ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ yín. Kí ó tó wọ ọkọ̀ Èkó, ẹ pè é jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ó bi yín ní gbogbo ohun tí kò mọ̀ nípa òwò yín, kí ẹ sì dá a lóhùn, títí kan èyí tó bá dà bíi pé kò kàn án.